Ọ̀dà Pupa Kì Í Ṣe Ìwé

Ẹ wo ògiri yìí dáadáa. Ọ̀dà pupa, X ńlá, déètì lábẹ́ rẹ̀: àmì pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ yín nìyẹn. Láti Ọbáńtokò títí dé Ìta-Òṣìn ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ onílé kì í dúró ní ìwọ̀n tó bá rí irú èyí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó ẹrù o. Ọ̀dà kì í ṣe ìwé.

Òfin ilẹ̀ tí à ń lò (Land Use Act) jáde lóṣù kẹta ọdún 1978, nígbà tí ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wà lórí àlééfà. Òfin yẹn ló kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń pariwo "ilẹ̀ bàbá wa", ẹ má bínú.) Àmọ́, ó ní kí gómìnà máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wa ni. Kò sọ pé ogún tirẹ̀ ni.

Torí náà, bí ìjọba bá fẹ́ gbà á, iṣẹ́ ará ìlú ló gbọ́dọ̀ fi ṣe: títì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ jẹ́ kó yé wa pé ìjọba ò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Làmídì kó wá gbé e fún Làsísì fi ṣòwò tirẹ̀.

Ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé òun ti gba ilẹ̀ yín wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti máa ń dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí gómìnà fún láṣẹ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì mú un dé ọwọ́ yín, tàbí ilé tí ẹ̀ ń gbé, tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà rẹ́jísítà ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Ìgbà tí wọ́n bá wá yín títí tí wọn ò rí yín ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ẹ ò sí lóko, wọ́n kàn án mọ́ igi obì, òjò sì gbé e lọ: lọ́yà yín máa fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni.

Owó gbà-má-bínú ló ń dunni jù. Wọ́n á ka ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ iye tó ti gbó kúrò; wọ́n á ka irè oko. Ilẹ̀ gbalasa fúnra rẹ̀? Owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni. Ẹni tí kò san nǹkan kan, ẹ ti mọ iye tó ń bọ̀. Torí náà, ẹ ya fọ́tò ọ̀pẹ, kòkó àti ẹ̀gẹ́, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ilẹ̀ ní kóòtù ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Ìpín 44 nínú òfin àgbà Nàìjíríà ọdún 1999 (Constitution) ní ẹ lè lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Àárín méjèèjì yìí ni lọ́yà ti ń jẹun.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti wà lábẹ́ akuisíṣọ̀n, ìyẹn ni pé ìjọba ti gbà á, kẹ́ ẹ tó rà á, ẹni tó tà á fún yín lẹ máa dojú kọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀, ìyẹn awọnlẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà ìtakò lónìí. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ má kúrò níwájú akọ̀wé títí á fi tẹ òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọ sílé.