Ẹ Gbé Omi Gbígbóná Yẹn Kalẹ̀: MS Nínú Ooru Àbújá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ MS la fẹ́ sọ, multiple sclerosis, àti bí wọ́n ṣe ń bá a gbé ní Àbújá níbí nínú ooru oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin.

Nínú MS, ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, ló ń ṣìnà, tó ń jẹ ìbora àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ (nerve) nínú ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn. Kì í ràn. Kì í ṣe àfiṣe. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì, obìnrin ló sì ń mú jù. Ó tán.

Ibi tí ẹ ti ń ṣì í ṣe nìyí! Ẹsẹ̀ aláìsàn kú tipiri, ojú ń ṣe bàìbàì. Àwọn ará ilé á gbé omi kaná, wọ́n á ki tówẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi jó o lẹ́sẹ̀, wọ́n á tún fi róòbù lé e. Háà! Ẹ GBÉ E KALẸ̀! Ooru ló ń dá a lágara, ẹ tún ń fi ooru kún un! Ẹsẹ̀ tó kú yẹn ò sì ní mọ̀ bí omi bá ti ń bó o. Kí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tó dé, omi gbígbóná làwọn dókítà kan ń ki aláìsàn bọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá MS ni: bó bá rọ jọwọrọ, wọ́n á fura.

Ṣé ẹ mọ háàfù kọ́rẹ́ǹtì? Gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fáànù á máa yí bí ẹni tí oorun ń kùn. (Ẹni tó bá tan fíríìjì lásìkò yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ̀ máa jà o.) Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, iná ni kò kún. Bí ooru ṣe ń ṣe iṣan tí ìbora rẹ̀ ti bó nìyẹn. Tí ara bá tutù, agbára á padà.

Nítorí náà, ara TÍTUTÙ la fẹ́. Tówẹ́ẹ̀lì tútù sọ́rùn, omi tútù mímu, kí wọ́n sì ti ọjà Wuse dé kí oòrùn tó mú. Ibà náà ń ṣe irú rẹ̀: ẹ tọ́jú ibà yẹn kíákíá. Ṣùgbọ́n bí àmì àìsàn tuntun bá dé, tí ara ò gbóná, tó sì kọjá wákàtí 24, ẹ lọ bá dókítà ọpọlọ àti iṣan (neurologist). Ẹ tún gbọ́: WÁKÀTÍ 24.

Àárẹ̀ ńkọ́? Òun gan-an ló ń ba ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ jù, torí ojú ò rí i. Obìnrin á jí, á wẹ̀, á tún sùn padà, ìyá ọkọ á ní ọ̀lẹ ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ; àìsàn yẹn ló ń mu agbára rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, ẹ bẹ ọ̀gá yín kí iṣẹ́ tó le jù bọ́ sí àárọ̀, kẹ́ ẹ sì rí àyè jókòó lọ́sàn-án. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.