Hajarul-Aswad: Irú Òkúta Wo Ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wò. Hajarul-Aswad, òkúta dúdú tó wà ní igun Káábà ní Mẹ́kà tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó fi nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ ga sílẹ̀, kì í ṣe òkúta kan gbáko mọ́. Ẹ̀là bíi mẹ́jọ ni, tí wọ́n fi àdàlù ìda àti èròjà olóòórùn dídùn lẹ̀ sínú férémù fàdákà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èso dàbínù lọ. Púpọ̀ nínú dúdú tí ojú ń rí, àdàlù yẹn ló ni ín. Nínú àwòrán 49,000 mẹgapíksẹ́ẹ̀lì tí àjọ tó ń bójú tó Mọ́sáláásí Mímọ́ méjèèjì gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn ẹ̀là náà pọ́n rúsúrúsú. Burckhardt, arìnrìn-àjò ará Switzerland tó rí i ní 1814, ti sọ bẹ́ẹ̀: pupa jinjin tó fẹ́ẹ̀ di dúdú, tí nǹkan funfun àti yẹ́lò wínníwínní wà nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó jọ èyí tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀.

Bó ṣe fọ́ náà ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní 683, nígbà tí wọ́n dó ti Ibn al-Zubayr, tó ń ṣàkóso Mẹ́kà nígbà náà, iná jó Káábà, òkúta náà sì là sí mẹ́ta; fàdákà ni wọ́n fi dè é. Ní 930, Abu Tahir àti àwọn Kárámítà rẹ̀, ẹ̀ya Ṣíà kan, jí i gbé lọ sí ìlà-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá, ó di 951 kó tó padà. Ohun tí iná là bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ògidì irin tó já láti òfurufú. Irin inú òfurufú ní nikẹ́lì nínú, ó le, ó sì máa ń tẹ̀ kó tó ya. Kì í fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo.

Síbẹ̀, èrò òfurufú ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Paul Partsch, tó ń tọ́jú àwọn òkúta ọba ní Vienna, gbè é lẹ́yìn ní 1857. Ọ̀rọ̀ irú èyí máa ń dùn létí. Ẹdùn àrá ilé wa náà, wọ́n ní ojú ọ̀run ló ti ń já, àmọ́ àáké tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ fi òkúta lọ̀ ni.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ìtàn kan nípa bí wọ́n ṣe dá òkúta náà mọ̀ nígbà tó padà: pé ó léfòó lórí omi. Irin òfurufú wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po méje sí mẹ́jọ, òkúta òfurufú ní bíi mẹ́ta àbọ̀, ágéètì, òkúta sílíkà líle kan, ní 2.6. Gbogbo wọn ló ń rì. Òkúta oníhòhúhò tí òkè ayọnáyèéfín máa ń pọ̀ jáde lè léfòó, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ló ń rún un. Kò lè gba ẹnu àti ọwọ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìdí nìyí tí Elsebeth Thomsen, ará Denmark, fi dábàá ní 1980 pé dígí Wábárì ni. Ní Wábárì, nínú aṣálẹ̀ Rub' al-Khali, tó jìnnà sí Mẹ́kà ní nǹkan bí 1,100 kìlómítà, irin òfurufú já lu yanrìn, ó yọ́ ọ di dígí. Philby, arìnrìn-àjò ará Britain, ló júwe àwọn kòtò ibẹ̀ fún ayé ní 1932. Dígí náà dúdú lára, ó funfun nínú, ó kún fún ihò afẹ́fẹ́, òmíràn sì lè léfòó. Ó bá hadíìsì tó ní òkúta náà ti funfun ju wàrà lọ rí mu. Àbá tó dára gan-an ni, àfi ti ọjọ́ orí. Yanrìn tó wà lókùnkùn máa ń kó agbára pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ooru ńlá a nù ún kúrò, òǹkà a sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ti Wábárì, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 ọdún lọ. Ànábì ti fẹnu ko òkúta náà ní ọ̀rúndún keje.

Tèmi ni pé a gbé ìtàn léfòóléfòó yẹn gẹ̀gẹ̀ jù. Bí a bá yọ ọ́, òkúta ilé ayé yìí padà wọlé. Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì, Dietz àti McHone, ní ágéètì ni: ó le, ó ń dán bí wọ́n bá ń fọwọ́ pa á. Èyí tí Burckhardt rò náà kò jìnnà, nítorí Harrat Rahat, ilẹ̀ òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tẹ́ sílẹ̀, wà láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Èyí tó bú ní 1256 ṣàn sún mọ́ Mẹ̀dínà. Ìwádìí kò sì lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀sìn: Umar, kálífà kejì, fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ sí òkúta náà lójú pé òkúta ni, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi, Ànábì tó fẹnu kò ó lòun ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí a rẹ́ ẹ̀là rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 0.03 mìlímítà, kí a fi máíkírósíkóòpù wò ó. Kò sí ẹni tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ X-ray alágbèéká, tó ń ka èròjà inú òkúta, kì í gé nǹkan: bí nikẹ́lì bá pọ̀, òfurufú ni, bí ó bá jẹ́ sílíkà nìkan, ágéètì tàbí dígí, bí irin àti kálísíọ̀mù bá bá a rìn, òkúta òkè ayọnáyèéfín. Ẹ̀rọ Raman, tó ń lo iná lésà, ló máa ya ágéètì kúrò lára dígí. Ṣùgbọ́n òróró lọ́fínńdà tí wọ́n ń fi pa á lójoojúmọ́ máa ń tàn yanran lábẹ́ lésà, yóò sì bo àmì òkúta mọ́lẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ nu ojú ibẹ̀ mọ́ ná, kí ojú iná ẹ̀rọ kéré ju ẹ̀là lọ kó má baà ka fàdákà mọ́ ọn, kí wọ́n sì wọn ẹ̀là kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.