Brówúsà Tó Di Onílé, àti Ìyá Aláṣọ Òfì Tó Da Ọ̀rọ̀ Mi Rú

Kábà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò. Mo ti gé e kúrú díẹ̀. Àwàdà inú rẹ̀ kò ṣe é gé.

Okun o! Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tẹjú mọ́ fóònù lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìnáwó dátà. Kókó márùn-ún ni mo kọ wá. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bóyá ni n ó fi kọjá ìkejì.

Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ètò ìṣiṣẹ́, irin lásán ni. Windows tí ẹ mọ̀ yẹn ni onílé. Gbogbo nǹkan yòókù, àlejò ni wọ́n. Brówúsà tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì náà, àlejò ni. Ohun tó kó wa jọ lónìí ni pé àlejò yìí ti ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ẹ tan Chromebook, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ Google, brówúsà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ, ìṣirò ọjà, àwòrán ìgbéyàwó, inú brówúsà náà ni gbogbo rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ọ̀hún ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an jìnnà sí yín. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìkùukùu. Ẹ má wòkè o. Ilé ràgàjì kan ni, ó kún fún kọ̀ǹpútà, ó sì ń mu iná bí ẹni ń mu omi.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láti 1984 ni Sun Microsystems, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ti ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọjà ni kò dúró dè wọ́n: ilé iṣẹ́ Oracle rà wọ́n ní 2010.

Èwo nínú yín ló ti lo Opera Mini rí, brówúsà orí fóònù yẹn? (Ọwọ́ gbogbo ilé gòkè, títí kan ti bàbá olóyè tó jókòó níwájú.) Ó dáa. Ẹ ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìkùukùu kí àwọn tó ń fi í ṣe fáàrí tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 2006 tí Opera gbé e jáde fún gbogbo ayé, fóònù pẹ́pẹ̀pẹ́ wa kò lè ṣí ojú ewé ńlá. Kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún ni ó ń bá wa ṣí i, tí ó ń fún un pọ̀ bí ẹní fún gàrí, tí ó wá ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ ránṣẹ́. Dátà tí ì bá tán láàárọ̀ a di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ojú ewé tí ẹ ti ṣí ṣì wà níwájú yín, ẹ lè kà á parí.

Ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá gé nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Kì í ṣe ẹyọ kan: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Báǹkì dákú ní Nàìjíríà. Mo jókòó sí ilé ìtẹ̀wé kan nínú ìlú yìí lọ́jọ́ náà, mo ní lẹ́tà kan tí mo fẹ́ tẹ̀ jáde, lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ lálẹ́ àná. Mo ṣí Chromebook mi. Ojú ewé funfun, ẹranko kékeré kan sì dúró ní igun. Ọmọ tó ń tẹ̀wé bẹ ojú wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ya aláǹgbá síbẹ̀?" Mo tẹ bọ́tìnnì kan, aláǹgbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń fo igi ẹ̀gún. A fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ta eré náà. Lẹ́tà mi kò jáde. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò tan bọ́tìnnì tó ń fi ẹ̀dà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé ó wà?

Ẹ wo òfì àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Ìjùmú. Ara ògiri ilé ni wọ́n máa ń gbé e tì. Òjò ìbáà rọ̀, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ìbáà bàjẹ́, ìyá á jókòó ti kíjìpá rẹ̀, aṣọ á máa lọ síwájú. Kò ní í ránṣẹ́ sí Èkó kó tó ju òwú kan. Ohun tí mo ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà jẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó ṣe Chromebook pàápàá ti mọ̀. Google kéde ChromeOS, ètò ìṣiṣẹ́ inú rẹ̀, ní 2009, ó dé ọjà ní 2011, ìròyìn rẹ̀ sì ni pé brówúsà nìkan tó. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń wá bí Gmail yóò ṣe ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní 2016 wọ́n ní àáppù Android lè wọlé. Ní 2018, Linux, ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn, náà wọlé. Ẹni tó ní fèrèsé kan tó òun, tó wá ń lu ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìnkùlé! Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Àbújá, ó mọ ara rẹ̀. Láti 2012 ló ti ń bá mi jà pé bó bá di ọdún márùn-ún sí i, ẹnikẹ́ni kò ní í tọ́jú nǹkan sórí ẹ̀rọ mọ́. Ọdún márùn-ún náà kò tíì pé.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ojú ewé lè fi ọmọ ọ̀dọ̀ kékeré kan sílẹ̀ nínú brówúsà yín, service worker ni wọ́n ń pè é. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà nǹkan tí ẹ lò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, á lọ mú tuntun wá. Bí kò bá sí, á gbé ti àná fún yín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ewé, mo bẹ̀ yín...

Ibí ni ìyá kan ti nawọ́ sókè. Mo ní kó mú sùúrù, ó ní òun ti mú sùúrù tó.

"Ọmọ mi, òfì tí o ń yìn yẹn, iṣẹ́ mi ni. Iná jó tèmi. Ó jó òwú, ó jó ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sí, ó jó fóònù. Nígbà tí ọmọ mi ra fóònù mìíràn, tó tẹ nǹkan sí i, gbogbo àwòrán aṣọ tí mo ti hun padà wá, àti ojú ewé ìwé gbèsè tí mo yà. Mo fi gba owó mi. Ṣé èyí tí o ti ń bú láti àárọ̀ ni?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Bàbá olóyè fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Mo mu omi.

Mo sọ fún wọn pé ó jàre. Iná kò mọ̀ pé ilé ẹni ni. Ṣùgbọ́n kí n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde: ẹ̀gbọ́n òun pàdánù síìmù, kò gbà á padà, nọ́ńbà náà sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ onínọ́ńbà tuntun ni kóòdù ìwọlé ń lọ. Àwòrán ọdún mẹ́fà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jí i, kò jóná, kò sì ṣeé wọ̀. Láti ìgbà náà, ìwé mi di àkísà. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kọ́kọ́rọ́ nìkan la ń sọ: ta ló mọ pásíwọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀, kí ló dé tí ìmeèlì ìṣòwò fi wà lórúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti lọ.

Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi. Kókó kẹta: Firefox OS, fóònù tó jẹ́ brówúsà látòkè délẹ̀, jáde ní 2013, Mozilla tó ṣe é pa á tì, ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ KaiOS jogún rẹ̀ sórí fóònù bọ́tìnnì olówó pọ́ọ́kú. Ìkẹrin: òfin ààbò dátà wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹ lọ kà á. Ìkarùn-ún, àmì ohùn Yorùbá nínú brówúsà, ó di ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ìyá náà bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù sí mi. A jọ ṣí ibi tí Google ti ń fúnni ní kóòdù ìwọlé mẹ́wàá, èyí tí kò nílò síìmù. Mo ń kà á, ó ń kọ ọ́ sórí páálí mílíìkì. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ọ̀kan máa wà nínú àpótí mi. Èkejì ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ẹ̀gbẹ̀. Iná Kábà kò lè jó dé Ẹ̀gbẹ̀."

Mo tún un kà.