Ìyá Tí Ọlọ́run Dá Ọmọ Rẹ̀ Padà Fún

Bíbélì kíkà: Òwe 31:10-31
Ẹsẹ àkọ́sórí: Orin Dáfídì 10:14

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ewu òru. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa sáyé.

Bí a bá ka Òwe orí kọkànlélọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ìyàwó olówó ìlú ni wọ́n ń sọ. Ẹ tún un kà dáadáa. Obìnrin náà ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wá oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀. Ó wo oko kan, ó rà á, èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi gbin nǹkan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára òwú. Ará oko ni yóò tètè dá irú obìnrin yìí mọ̀, nítorí irú rẹ̀ ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà: ìyá tó ti gbálẹ̀, tó ti pọnmi, tó ti gbé agbọ̀n rù, tó sì ti pọn ọmọ sẹ́yìn lọ sóko kí àwa tó nu ojú.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ kí á rántí lónìí. Àfàlà ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Òṣogùn, lápá Ìṣẹ́yìn, ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ahunṣọ. Nílé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, bí wọ́n ti ń hunṣọ ni wọ́n ń roko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, wọ́n ṣì ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Ọkọ rẹ̀ sáré wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ bá àwọn tó ń jà. Wọn kò gbé pọ̀ mọ́ láyé. Àfàlà kó àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ó forí lé igbó. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí àwọn akónilẹ́rú fi sọ okùn sí wọn lọ́rùn.

Àjàyí wà lára àwọn ọmọ náà. Wọ́n pín ìyá sọ́tọ̀, wọ́n pín ọmọ sọ́tọ̀. Wọ́n tún ríra fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó ta Àjàyí síwájú láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tó sì wọ ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó kó wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ìyókù ìtàn ọmọ náà, wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ta ló béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sùn? Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sí lẹ́tà, kò sí ìró, kò sí arìnrìn-àjò kan tó lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bẹ láàyè. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tirẹ̀ nù. Ó sì ń jí láràárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń wá nǹkan tí wọn yóò jẹ. Kò tíì mọ Jésù nígbà náà rárá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbójú fo èyí. Ọlọ́run kò dúró di ọjọ́ tí yóò mọ orúkọ Òun kí Ó tó máa pa á mọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú ìyá náà wá bá àlùfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílùú. Crowther fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ara ìyá ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù. Ó ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi kẹ́ ẹ nígbà tó wà ní kékeré. Ẹsẹ Bíbélì tí kàlẹ́ńdà Crowther yàn fún ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹsẹ tiwa lónìí, pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ó ní òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ náà rí tó bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Hánà, nítorí ìyá Samuel ni. Hánà inú Bíbélì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ fún Olúwa. Ti Àfàlà, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó gbàṣẹ. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ rí i tí ọmọ náà di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, kó tó sùn nínú Olúwa ní Èkó lọ́dún 1883.

Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Crowther ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ibo ni Yorùbá ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí? Lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni, nígbà tó pọ̀n ọ́n. Ìyá tí kò mọ̀wé rí wà nínú ohun tí a fi ń gbàdúrà láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ a kì í sábà dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ pè é kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe kí ẹ fi owó ránṣẹ́ nìkan. Ẹ bi í léèrè orúkọ ìyá tirẹ̀, oko tí wọ́n dá, àjọ tó kó láti fi san owó ìwé yín, aṣọ tó tà nígbà tí owó ìdánwò kò pé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ yín nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti lọ, ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run lónìí pẹ̀lú ọpẹ́. Bí ó bá sì ku ẹnì kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń roko, ẹ tọ́jú rẹ̀ nítorí ìyá yín.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún àwọn ìyá tó fi oko àti ìdáná tọ́ wa. Ohun tí a mọ̀ pé wọ́n ṣe kéré sí èyí tí Ìwọ rí. San án fún wọn, ní orúkọ Jésù.

Olúwa, ìyá tó ń lọ sóko lónìí pẹ̀lú ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé, ṣọ́ àlọ rẹ̀, ṣọ́ àbọ̀ rẹ̀. Òjò àsìkò ni kí ó rọ̀ sí oko rẹ̀. Kí ó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, rántí ìyá tí ọmọ rẹ̀ nù. Rántí àwọn ìyá Chibok, tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ nílé ìwé ní oṣù kẹrin ọdún 2014, tí àwọn kan kò tíì rí ọmọ tiwọn títí di òní. Bí O ti mú Àfàlà rí Àjàyí, mú wọn rí ọmọ wọn.

Olúwa, fún àwa ọmọ ní ọkàn tó ń rántí. Jẹ́ kí àwọn ìyá wa jẹun ọmọ pẹ́, kí wọ́n sì mọ̀ Ọ́ kí ọjọ́ alẹ́ tó dé.

Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.