"N Kò Gbà": Gbólóhùn Tó Ṣílẹ̀kùn Pólándì fún Àjèjì

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbólóhùn kékeré kan ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: "N kò gbà." Nígbà tí Pólándì àti Lithuania ṣì jẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, aṣòfin kan péré lè dìde nínú Sejm, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ wọn, kó sọ gbólóhùn yìí, kí ìjókòó sì tú ká. Gbogbo òfin tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí ní ìjókòó ọ̀hún á sì di òfo. Liberum veto ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ náà ní èdè Látìnì. Ọdún 1652 ni Władysław Siciński kọ́kọ́ fi dá Sejm dúró.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ló bí òfin yìí o. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ibẹ̀ ló ń dìbò yan ọba, ẹ̀rù ọba aninilára sì ń bà wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí ohùn ẹnì kan ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ohùn ẹnì kan kò ṣòroó rà. Bí Prussia, ìjọba Jámánì kan tó múlé tì wọ́n, tàbí Rọ́ṣíà kò bá fẹ́ kí Pólándì gba owó orí tí yóò fi bọ́ ọmọ ogun, aṣòfin kan tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti tó wọn. Nínú 30 ọdún tí Augustus Kẹta fi jọba, láti 1733 dé 1763, Sejm ọdún 1736 nìkan ló parí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1717, lábẹ́ ojú àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, wọ́n ti fi iye ọmọ ogun ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí 24,000.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí rèé. Ní 1764, Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, àti Frederick Kejì, ọba Prussia, mulẹ̀ pé àwọn kò ní jẹ́ kí Pólándì yí òfin rẹ̀ padà. Ọ̀tá ló wá ń bá wọn ṣọ́ òfin wọn! Lọ́dún yẹn kan náà ni Catherine ti Stanisław Poniatowski, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, lẹ́yìn títí ó fi gorí ìtẹ́. Ní 1767, Repnin, aṣojú Rọ́ṣíà, ní kí wọ́n mú bíṣọ́ọ̀bù méjì, Sołtyk àti Załuski, nínú Warsaw, olú-ìlú wọn, ó sì kó wọn lọ sí Rọ́ṣíà. Ta ló kù tí yóò sọ̀rọ̀? Ní 1772, Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria gé nínú ilẹ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wọ́n gbìyànjú o, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi èyí dù wọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1791, wọ́n ṣe òfin tuntun, wọ́n sì pa ẹ̀tọ́ "n kò gbà" rẹ́. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú kan tí Szczęsny Potocki ṣíwájú wọn ló lọ bá Catherine pé kó wá gba òmìnira àwọn sílẹ̀. Ọmọ-ilé ló lọ pè é. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọlé ní 1792.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Rọ́ṣíà àti Prussia tún ń gé nínú ilẹ̀ náà, wọ́n kó Sejm jọ sí ìlú Grodno láti fọwọ́ sí bí Prussia ṣe máa mú ìpín tirẹ̀. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà yí ilé náà ká. Àwọn aṣòfin jókòó dé òru, wọn ò fọhùn. Wọ́n bi àwọn aṣòfin náà léèrè bóyá wọ́n gbà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídákẹ́ wọn fi hàn pé wọ́n gbà.