Ta Ló Fẹ́ Bá Tálákà Ṣiṣẹ́?

Ẹ bá mi wo ìyá yìí dáadáa. Aago mẹ́rin ìdájí ò tíì lù tó ti ń bó ẹ̀wà. Ó dín àkàrà tán, ó múra fọ́mọ méjì lọ sílé ìwé, ó wá kọrí sọ́jà lọ ṣe alábàárù títí ilẹ̀ fi ṣú. Lálẹ́, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju iye tó máa fi ra ẹ̀wà ọ̀la lọ. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún un pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, kí lẹ rò pé ó máa fi dá yín lóhùn?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn ìyá yìí la fẹ́ sọ lónìí: àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́lífíà ní yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní social work. Ọ̀rọ̀ tálákà ló bí iṣẹ́ náà. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, tí ìjọba amúnisìn fi Donald Faulkner ṣe ọ̀gá wẹ́lífíà l'Ékòó, àwọn ọmọ asùnta tí ìgboro ń pè ní boma boys ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. L'Amẹ́ríkà, ìlànà tí NASW, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, ń tẹ̀ lé dárúkọ àwọn tó wà nínú òṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ló máa dárúkọ ọsibítù ńlá, NGO òkè òkun, tàbí ọ́fíìsì tó tutù nini, níbi tí wọ́n ti ń gba tọkọtaya olówó nímọ̀ràn. (Àwọn kan tiẹ̀ wà ní kíláàsì tó jẹ́ pé lọ́ọ̀ ni wọ́n fi sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má ṣe é dáadáa o.)

Kí ló ń fà á? Èmi rò pé ohun tó wúwo jù ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ó ń sọ èèyàn di tálákà. Tó bá gbà pé ọ̀lẹ ni, ìwàásù ló máa gbé lọ bá wọn. Tó bá gbà pé orí ló gbé e wá, á káàánú, á fún wọn ní owó kékeré, á sì máa lọ. Ẹni tó ti jókòó ṣírò owó ilé, owó ọsibítù àti owó ọkọ̀ lójú pákáǹleke ló máa béèrè ohun tó ṣeé yí padà. Ní 2022, NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò nípa Nàìjíríà, sọ pé èèyàn 133 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà, 63 nínú 100, ló wà nínú òṣì. Wọn ò wo owó nìkan. Wọ́n wo ilé ìwé, ìlera, omi, ohun tí wọ́n fi ń dáná. Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn?

Ẹ lè rò pé ẹni tó dàgbà nínú ìṣẹ́ ló máa sáré padà lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òṣì ló ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Ẹlòmíì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún yàrá kan tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí, tí ìyá rẹ̀ sì ta aṣọ òkè nítorí owó ilé ìwé. Tó bá ní òun ò padà síbẹ̀, èmi ò ní í bá a jà.

Owó náà ńkọ́, ṣé ó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá tálákà? Ní California, l'Amẹ́ríkà, CalSWEC, àjọ tó pa àwọn yunifásítì àti ọ́fíìsì wẹ́lífíà ìjọba pọ̀, ti wà láti 1990. Àwọn ló ń rí sí owó ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Title IV-E: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ san án padà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí ilé ò rọgbọ fún. Ó ń gbé ẹsẹ̀ wọn débẹ̀. Ọkàn ni owó ò lè gbé débẹ̀.

Ojú iṣẹ́ ni ọkàn ti ń yí. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sílé ìyá alákàrà wa. Ó mú fọ́ọ̀mù dání. "Mà, èló ló ń wọlé fún yín lóṣù?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Lóṣù kẹ̀? Ọmọ mi, òjò ni kó o lọ bi." Tójò bá rọ̀ láàárọ̀, àkàrà ò tà, èrò ò sí lọ́jà, kò sẹ́rù tó máa rù. Kò síbi tí wọ́n ń kọ òjò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá tó tẹ̀ lé e lọ ló kù. Ọ̀gá kan á ní, "Kọ ohunkóhun síbẹ̀ jàre, irọ́ ni wọ́n ń pa." Òmíì á jókòó sórí àpótí, á ní, "Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Mà," á sì béèrè iye ọjọ́ tójò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Lójú tèmi, wákàtí yẹn ju ìwé odindi sáà kan lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ náà dá padà wá. Fọ́ọ̀mù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ti àpótí sún mọ́ ọn, ó bu àkàrà mẹ́ta sínú páálí.

"Òjò ò rọ̀ lánàá," ló wí.