Ọmọ Ìyá Mẹ́ta Yí Máìkì Kan Ká

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ orin, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Cowboy Junkies ti ìlú Toronto ní Kánádà la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, àgàgà àwo The Trinity Session tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1987. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn mẹ́rin tó ṣe àwo àkọ́kọ́ ní 1986 náà ló ṣì jọ ṣe èyí tó jáde ní 2023.

Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá: Michael Timmins tó ń ta gìtá tó sì ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin wọn, Margo àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń kọrin, àti Peter, àbúrò àwọn méjèèjì, tó ń lùlù. Ẹ̀kẹrin ni Alan Anton tó ń ta béèsì, ọ̀rẹ́ Michael láti kékeré. Michael àti Alan ti ṣe ẹgbẹ́ olórin rí ní New York àti London kí wọ́n tó padà sílé. Nígbà tí wọ́n fi máa dá ti Toronto sílẹ̀ ní 1985, Margo kò kọrin níwájú èrò rí, Peter náà kò sì tíì pẹ́ lẹ́nu ìlù.

Gáréèjì ilé tí wọ́n háyà ni wọ́n ti ń dánra wò. Ariwo wọn ń di àwọn aládùúgbò lọ́wọ́, ẹjọ́ sì ń wá. Peter fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n fi ń ra awọ ìlù dípò kí wọ́n nà án. Gìtá àti béèsì wálẹ̀ títí wọ́n fi wà lábẹ́ ohùn Margo. Ohùn jẹ́jẹ́ lohùn obìnrin yìí, ó rọ̀, ó sì ní ìbànújẹ́ nínú. Tí ohun èlò bá bò ó, yóò di dandan kó pariwo, adùn rẹ̀ á sì lọ. Ìgbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ rẹ ara wọn sílẹ̀ fún un ni ẹgbẹ́ yìí tó di ẹgbẹ́. Èmi ò rí ohun mìíràn nínú ìtàn wọn tó tóbi tó ìyẹn.

Peter Moore ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ní máìkì Calrec kan tó ní etí kéékèèké mẹ́rin nínú orí kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tirẹ̀, tó fi lè gbọ́ ọ̀tún, òsì, iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Toronto. Kí àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì lè gbà, wọ́n ní àwọn jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin ìdílé Timmins, pé orin Kérésìmesì làwọn fẹ́ ṣe.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sì lọ lórí ètò nìkan. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Máìkì kan kò fàyè gba pé ká gbé gìtá sókè lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ẹni tó bá dún jù a sún sẹ́yìn, ẹni tí a kò gbọ́ a sún mọ́ ọn. Ní ìta gbangba, tí o bá sọ ìwọ̀n ibi tí o wà sí máìkì di ìlọ́po méjì, ohùn rẹ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìró) mẹ́fà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì olókè gíga, ògiri ń dá ohùn padà. Ẹni tó bá sún sẹ́yìn jù, ohùn rẹ̀ kò kàn ní kéré, yóò rì sínú ìró ilé, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ìlù lèyí máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ti Margo ló le jù. Sípíkà kan tí àwọn kan tó lo ibẹ̀ ṣáájú fi sílẹ̀ ni Moore gbé ohùn rẹ̀ gbà. Sípíkà yìí ni máìkì Calrec náà ń gbọ́, nítorí náà wọ́n lè yí ohùn rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà. Lẹ́yìn èyí, àṣìṣe kò ní àtúnṣe: bí béèsì bá ṣì í, gbogbo wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àlejò dara pọ̀ mọ́ wọn: John Timmins, ọmọ ìyá wọn mìíràn, Jeff Bird tó ta gòjé òyìnbó, Jaro Czerwinec tó tẹ àkọ́díọ̀nù, Kim Deschamps tó ta gìtá onípẹ́dà, irú èyí tí Demola Adepoju fi ń sunkún lẹ́yìn King Sunny Adé. Nígbà tí àkókò pé tí owó sì tán, dọ́là 25 ni wọ́n fún ọlọ́dẹ kó fi wákàtí méjì kún un.

Ní 1988 ni àwo náà, The Trinity Session, jáde lábẹ́ Latent, ilé-iṣẹ́ tiwọn. RCA, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá, gbà á kí ọdún tó parí, ó sì tàn ká ayé. Ní 1989 wọ́n tún gbé máìkì lọ sí Sharon Temple, ilé ìjọsìn àtijọ́ kan ní Ontario, ṣùgbọ́n wọn ò fi iṣẹ́ náà jáde nígbà náà. Wọ́n tún orin ọ̀hún ṣe ní sítúdíò, òun ló di The Caution Horses ní 1990. Lẹ́yìn RCA, wọ́n lọ sí Geffen, ilé-iṣẹ́ àwo mìíràn, lẹ́yìn náà wọ́n padà sí Latent.

Nínú àwo 2023, Michael kọ orin kan nípa bàbá wọn, tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń jí ìrántí rẹ̀ gbé. Bàbá Michael ni, bàbá Margo tó kọ ọ́ lórin náà ni, bàbá Peter tó lùlù sí i náà sì ni.